Ẹ̀rọ ní 95, Màmá ń mí hẹlẹhẹlẹ: ta ni ká gbà gbọ́?

Ọmọ_Ọ̀wọ̀:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀rọ ọsibítù kó dá mi lóhùn kíákíá. Màmá wa wà ní wọ́ọ̀dù láti àná, àyà ló ń dùn wọ́n, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọn ò lè sọ gbólóhùn kan parí kí wọ́n tó dúró mí. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ti fi ẹ̀rọ kékeré yẹn há wọn ní ìka, 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbé jáde, nígbà mìíràn 96, wọ́n á ní ọ́síjìn wọn dáa, ká fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston náà ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́, ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí jù. Ojú mi ni kí n gbà gbọ́ ni àbí ojú ẹ̀rọ?

---

Bàbá_Ẹ̀rọ:
Àbúrò mi, kó o tó ka ìyókù, lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn báyìí. Má bá a jà. Sọ fún un pé màmá ò lè sọ gbólóhùn kan parí kí wọ́n tó mí, bó o ṣe kọ ọ́ síbí yìí gan-an ni kó o sọ ọ́, torí wọ́n kọ́ wọn níléèwé pé àmì ewu ni. Bẹ̀ ẹ́ kó ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kó máa wo àyà wọn bó ṣe ń lọ sókè sódò. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí bíi ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti wọ 25 sókè, kí dókítà wá wò wọ́n, ohun yòówù kí ẹ̀rọ ìka máa sọ. Kó o sì bi dókítà bóyá wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn, kí wọ́n fi wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó máa ń dunni ju abẹ́rẹ́ lásán lọ, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe àfojúbù.

Lọ ná. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ síbí.

---

Bàbá_Ẹ̀rọ:
Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún irú ẹ̀rọ báyìí ṣe, ẹ̀rọ ìka tí wọ́n ń pè ní pulse oximeter, ẹ̀rọ BP, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn, gbogbo nǹkan tó ní síkírìn ní wọ́ọ̀dù. Mo ti rí i pé ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rọ yẹn ń rí ọ́síjìn. Kò rí i. Ìmọ́lẹ̀ ló ń rí.

Iná kéékèèké méjì ló wà lápá kan, ọ̀kan pupa, ìkejì jẹ́ irú tí ojú èèyàn ò lè rí, infrared ni wọ́n ń pè é. Sẹ́ńsọ̀ wà lódìkejì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó bá ráyè kọjá inú ìka. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí iná pupa kọjá, infrared ló máa ń gbé mì, ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn ti tán nínú rẹ̀ ń ṣe òdìkejì. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á wá wo kìkì ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ìlù ọkàn, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń lù nínú iṣan ló ń wá, kò wá ti egungun tàbí awọ, á fi ti pupa pín ti infrared, á sì mú èsì yẹn lọ wò nínú tábìlì kan, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà, tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ láti fáktírì: èsì báyìí, gbé 98 jáde, èsì báyìí, gbé 91 jáde. Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ọmọ Japan, ló ronú kan ọgbọ́n yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọgbọ́n ńlá sì ni, ẹ̀mí tó ti gbà là ò lóǹkà.

Tábìlì yẹn ni kẹ́ ẹ fọkàn sí. Kò sí ìṣirò tó lè gbé e jáde láti orí pátákó. Ńṣe ni wọ́n mú àwọn èèyàn tí ara wọn le, wọ́n dín ọ́síjìn tí wọ́n ń mí sínú kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ń fi wé ohun tí ìmọ́lẹ̀ sọ. Wọn ò lè já ọ́síjìn èèyàn kọjá nǹkan bí 70 láìfi ẹ̀mí rẹ̀ wewu, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 70 lórí ẹ̀rọ yẹn fi jẹ́ àfojúbù lásán.

Àwọn wo ni wọ́n wá lò fún tábìlì yẹn? Ìlànà tí FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn wò ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2013 ní kí iléeṣẹ́ dán an wò lára èèyàn 10, ó kéré tán kí 2 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Méjì! Bí ìgbà tí télọ̀ bá fi ìwọ̀n ẹlòmíràn gé aṣọ ẹ ni, aṣọ náà lè wọ̀ ẹ́, ó sì lè má wọ̀ ẹ́. Ní 2020 àwọn dókítà ní Michigan gbé ìwádìí jáde nínú New England Journal of Medicine: nínú gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ ìka gbé 92 sí 96 jáde, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ gidi tí wọ́n gbà ní àkókò kan náà, lára àwọn èèyàn dúdú, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ọ́síjìn ti já wálẹ̀ ju 88 lọ. Lára àwọn òyìnbó, 3.6 ni.

95 ni màmá rẹ ń gbà, àbúrò mi. Àárín nọ́ńbà yẹn gan-an ni wọ́n wà.

---

Bàbá_Ẹ̀rọ:
Mo ti ka àwọn èsì tẹ́ ẹ kọ sísàlẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí, mi ò gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta délẹ̀.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ China ni, pé tó bá jẹ́ ojúlówó ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, èyí tí wọ́n ń tà lójú títì lè burú, mo ti tú òmíràn tó jẹ́ pé ìlù ọkàn gan-an kò lè kà dáadáa. Àmọ́ ẹ̀rọ ọsibítù ni wọ́n lò ní Michigan yẹn, kì í ṣe ti ojú títì, ìṣòro yẹn sì wà níbẹ̀.

Àwọn kejì ní ká jù ú nù, pé àwọn bàbá wa ò lò ó. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ojú èèyàn kì í tètè rí i pé ọ́síjìn ń tán, pàápàá lára wa, torí pé kí ètè dúdú kó tó yí àwọ̀ débi tí èèyàn á fi mọ̀, ọ̀rọ̀ á ti bàjẹ́. Ọmọ tuntun tó wà nínú ẹ̀rọ amúgbóná, ẹni tí wọ́n fi oògùn kùn lórun fún iṣẹ́ abẹ, kí la fẹ́ fi wò wọ́n? Tí nọ́ńbà bá ń já láti 97 sí 94 sí 90, ẹ gbà á gbọ́, ẹ sáré. Ibi tí ẹ̀rọ yẹn ti wúlò jù ni bí ó ṣe ń yí pa dà lára ẹnì kan náà.

Àwọn kẹta ni ti ẹ̀gbọ́n Houston, kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Màá pa dà sí ìyẹn.

---

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́:
Bàbá, ẹ ní 95 lè má jẹ́ òótọ́, tó bá wá jẹ́ 99 tàbí 100 ńkọ́, ìyẹn ṣáà dáa?

Bàbá_Ẹ̀rọ:
Màmá, ó dáa lọ́pọ̀ ìgbà, àfi ibì kan tó yẹ kí gbogbo ilé ní Nàìjíríà mọ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀. Tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tàbí ẹ̀yìn fèrèsé tí èéfín ń wọ yàrá, gáàsì tí kò ní òórùn, carbon monoxide, á lọ jókòó síbi tí ọ́síjìn ń jókòó sí nínú ẹ̀jẹ̀. Lójú iná pupa yẹn, ẹ̀jẹ̀ tí gáàsì yìí gùn jọ ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀. Ẹni náà ń kú lọ, orí ń fọ́ ọ, ó ń bì, ó ń sùn lọ, ẹ̀rọ á máa gbé 99 jáde. Kò bàjẹ́ o, bátìrì rẹ̀ pé. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjì nìkan ni wọ́n kọ́ ọ láti wò, kò sì lè fi méjì mọ ẹni mẹ́ta yàtọ̀ síra. Kí ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta síbi afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e lọ ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé jẹnẹrétọ̀ wà ní títàn, torí ọ̀rọ̀ ẹnu yín yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé 99 yẹn ò tó gbẹ́kẹ̀ lé.

---

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an sà. Ẹ má bínú, mo tún fẹ́ béèrè. Ọmọ mi fi ẹ̀rọ ṣúgà ránṣẹ́ láti London, 7 ló ń gbé jáde fún bàbá wọn, ti kẹ́mísìtì àdúgbò ní 126. Èwo ló bàjẹ́ nínú méjèèjì?

Bàbá_Ẹ̀rọ:
Kò sí èyí tó bàjẹ́. Nọ́ńbà kan náà ni. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á ló yàtọ̀: ti Bírítéènì ń ka mmol/L, èyí tó pọ̀ jù nílé níbí ń ka mg/dL, ẹ fi 18 sọ ti London di púpọ̀, 7 lọ́nà 18, ẹ ti rí 126 yín. Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà kí ẹni tó bá wá kí yín má bàa rí 7 kó sáré lọ fún bàbá ní ṣúgà mu, ẹ̀rù ìyẹn máa ń bà mí gidigidi. Kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gún un, oje ọsàn tó bá wà níka á gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ má sì jà lórí 190 àti 210. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ yìí wò gbà kó fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 200 lè rí 170, ó lè rí 230.

Ẹni tó béèrè nípa ẹ̀rọ BP tó ń fẹ́ra fúnra rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni ìyẹn náà ṣe rí. Kì í gbọ́ ìró bí nọ́ọ̀sì tó fi rọ́bà bọ etí ṣe ń gbọ́ ọ. Ó ń wo bí afẹ́fẹ́ inú aṣọ yẹn ṣe ń gbọ̀n, ó á wá ṣírò nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìṣirò iléeṣẹ́ kan kò sì jọ ti ìkejì. Tí aṣọ yẹn bá kéré ju apá lọ, nọ́ńbà á ga. Tí ọkàn ò bá lù dọ́gba, kó máa ṣe ségesège, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

---

Ẹ̀gbọ́n_Texas:
Èmi ni ẹ̀gbọ́n Houston tí wọ́n ń wí. Ẹ kú iṣẹ́ sà. Sọ́fítíwíà ni mò ń kọ jẹun níbí, mi ò ní kí n bá yín jiyàn lórí ìmọ́lẹ̀ àti awọ, àmọ́ ẹ̀rọ ìṣègùn kì í ṣe áàpù fóònù. Kí wọ́n tó jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, wọ́n á ti dán an wò títí. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ òru mọ́jú ni màá kọ́kọ́ fura sí kí n tó fura sí ẹ̀rọ.

Bàbá_Ẹ̀rọ:
Ẹ kú iṣẹ́ náà. Texas yín níbẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀, ìlú Tyler, 1986.

Iléeṣẹ́ AECL ti Kánádà ló ṣe ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Therac-25, ìtànṣán ló fi ń wo àrùn jẹjẹrẹ. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, Therac-20, ní àwọn ìdènà tó jẹ́ irin àti wáyà, tó máa dá iná dúró tí nǹkan bá ti fẹ́ yí. Nínú 25, wọ́n yọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ní sọ́fítíwíà á máa ṣọ́ ọ. Láàárín 1985 sí 1987, ẹ̀ẹ̀mẹfà tí a mọ̀ ló ti fún èèyàn ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà, àwọn kan kú.

Ẹ wo ti Tyler. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó tẹ lẹ́tà x (X-ray) níbi tó yẹ kó tẹ lẹ́tà e (electron, irú ìtànṣán mìíràn), ó rí i, ó pa dà lọ tún un ṣe wéré. Ojú ẹ̀rọ fi lẹ́tà e hàn, gbogbo rẹ̀ pé. Àmọ́ àwọn mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ máa ń lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ láti tò, àtúnṣe tó bá bọ́ sáàárín àkókò yẹn, apá kan sọ́fítíwíà gbọ́ ọ, apá kejì ò gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ “Malfunction 54”, kò ṣàlàyé kankan, ó ní ìtànṣán tí òun fún aláìsàn ò tó, pé ìwọ̀n 6 ni dípò 202. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń jáde lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Nínú yàrá lọ́hùn-ún, aláìsàn náà ti ní iná gbé òun, ó ń gbìyànjú àtidìde, ìtànṣán ìkejì bá a ní apá, ó lọ ń lu ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti kámẹ́rà yàrá yẹn ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n pe iléeṣẹ́, iléeṣẹ́ ní kò ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà fún èèyàn ní àpọ̀jù. Wọ́n dá a pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe é fún ẹlòmíràn. Fritz Hager, onímọ̀ físíìsì ọsibítù yẹn, ló wá jókòó ti òṣìṣẹ́ yẹn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, wọ́n ń tún un tẹ̀, títí tí Malfunction 54 fi jáde fún wọn bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìgbà yẹn ni ayé tó gbà pé òótọ́ ni aláìsàn ń sọ.

Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ rèé. Àṣìṣe kan náà wà nínú sọ́fítíwíà Therac-20. Nígbà tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, fíúsì á jó, iṣẹ́ á dúró, wọ́n á pààrọ̀ fíúsì. Ẹnikẹ́ni ò kú. Wọ́n dán an wò, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń lò ó. Fíúsì ló ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n yọ àwọn ìdènà yẹn, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ti ń dáàbò bò wọ́n.

Ẹ ní nọ́ọ̀sì tó rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fura sí méjèèjì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan máa jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Texas:
Mi ò mọ ìtàn yìí tó báyìí. Àmọ́ ogójì ọdún sẹ́yìn nìyẹn sà.

Bàbá_Ẹ̀rọ:
Ẹ jẹ́ ká wá tòsí. Ìṣirò tí àwọn láàbù Amẹ́ríkà fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, wọ́n kọ ọ́ sínú sọ́fítíwíà pé tó bá jẹ́ èèyàn dúdú, ẹ fi 1.159 sọ ọ́ di púpọ̀, ti ìṣirò àtijọ́ jẹ́ 1.212. Ìyẹn ni pé kíndìnrín èèyàn dúdú á dáa jù lórí ìwé, á pẹ́ kó tó wọ orúkọ sílẹ̀ láti gba òmíràn. 2021 ni wọ́n gbé ìṣirò tuntun jáde tó yọ àwọ̀ kúrò. Ní 2023 ni wọ́n ní kí àwọn ọsibítù tó ń pààrọ̀ kíndìnrín lọ yẹ ìwé àwọn aláìsàn dúdú wò, kí wọ́n dá àkókò tí wọ́n pàdánù pa dà fún wọn. Sọ́fítíwíà yẹn ò ní bọ́ọ̀gì, ìyẹn àṣìṣe ẹni tó kọ ọ́, kankan. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

---

Ọmọ_Ọ̀wọ̀:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, dókítà ti dé. 34 ni èémí wọn. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ọrùn ọwọ́ yẹn, à ń retí èsì. Àmọ́ wọ́n tún ní fáìlì màmá ò sí lórí kọ̀ǹpútà, pé wọn ò tíì wá síbí rí, bẹ́ẹ̀ sì rèé ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́jú ikọ́ fée wọn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Dókítà ń béèrè oògùn tí wọ́n lò nígbà yẹn.

Bàbá_Ẹ̀rọ:
Ó wà níbẹ̀. Ní kí wọ́n má fi orúkọ wá a. Kí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù tàbí ọjọ́ ìbí. Kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ pé Ṣadé, Sade àti Shade lè jẹ́ ẹnì kan, lẹ́tà ló ń fi wé lẹ́tà, ìkan ò bá ìkejì mu, ó ti parí. Kódà ẹ lè fi àmì ohùn kọ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kó jọra lójú kó má jọra nínú ẹ̀rọ, torí ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ tí kíbọọ̀dù lè gbà to lẹ́tà ẹ, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè, àfi tí ẹni tó kọ sọ́fítíwíà yẹn bá rántí sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó wá a. Tí wọn ò bá tún rí i, lọ bá àwọn tó ń tọ́jú káàdì àtijọ́, fi owó ọkọ̀ sápò, lọ fúnra rẹ.

---

Ọmọ_Ọ̀wọ̀:
86. Ẹ̀jẹ̀ ní 86, ẹ̀rọ ṣì ń sọ 94. Wọ́n ti fi ọ́síjìn sí wọn nímú, màmá ti sọ gbólóhùn kan parí láìdúró. Nọ́ńbà fóònù mi àtijọ́ ni wọ́n fi rí fáìlì. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere o.

Ẹ̀gbọ́n_Texas:
Ẹ ṣeun sà. Ẹ ṣeun. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìka ránṣẹ́ sí wọn nígbà tí wọ́n bá délé, àbí kí n má rà á?

Bàbá_Ẹ̀rọ:
Ẹ rà á. Ẹ wò ó pé FDA ti yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti èyí tó wà nínú aago ọwọ́ ni wọn ò yẹ̀ wò, eré ìdárayá ni wọ́n ní ó wà fún. Nígbà tí ara màmá bá ti yá dáadáa, kí wọ́n wọ̀n ọ́n láràárọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ìyẹn ni nọ́ńbà tiwọn. Tó bá fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin wálẹ̀ láti ibẹ̀, kí wọ́n pe dókítà, ì báà ṣe 94 tí gbogbo èèyàn ń pè ní dídáa. Kí wọ́n jókòó, kí ọwọ́ wọn gbóná, kí wọ́n má ya làálì dúdú tàbí kun èékánná sí ìka tí wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n má ṣe é nínú oòrùn, kí wọ́n dúró títí nọ́ńbà á fi dákẹ́ kí wọ́n tó kà á.

Àbúrò mi, nínú ìwé yẹn náà, fa ìlà kejì, kí o máa kọ iye èémí síbẹ̀ lójoojúmọ́. Aago fóònù rẹ tó fún ìyẹn.